Síkẹ́ẹ̀tì Ọmọ Tó Bàjẹ́

Kí àwọn onífíìmù tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti rẹ̀ mí. Oṣù kẹjọ ni, ilé ìwé ti gba ìsinmi gígùn, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ télọ̀ tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Ketu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní òpópónà kan tó já sí ojú ọ̀nà Ikosi. Àwọn ìyá á kó ọmọ wọn wá, n ó wọn èjìká, n ó wọn ìbàdí, n ó kọ ọ́ sínú ìwé, n ó sì gé aṣọ búlúù kan náà tí mo gé lánàá. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, bí mo bá gbójú sókè wo ògiri, búlúù ni mo máa ń rí. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ẹ̀yìn sì ń dùn mí bí ẹ̀yìn arúgbó.

Ọkùnrin tó wọlé tọ̀ mí wá sanra díẹ̀, ó mú fóònù méjì lọ́wọ́, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ó ní òun ni dírẹ́kítọ̀. Ó ní àwọn fẹ́ ya fíìmù nípa àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn sì ti rí ilé ìwé kan gbà ní Ikosi fún ọjọ́ mẹ́rin, àmọ́ ẹni tó ń bójú tó aṣọ fún àwọn ti bá ẹlòmíràn lọ. Ó fẹ́ yúnífọ́ọ̀mù mẹ́wàá, ó sì fẹ́ kí èmi tí mo rán an wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi ya eré tán.

"Àǹtí Télọ̀, iṣẹ́ kékeré ni," ó ní. "Ẹ kàn máa jókòó ni. Bí bọ́tìnnì bá já, ẹ ó rán an."

Mo gbà. N ò lè sọ pé ìdí pàtàkì kan ló jẹ́ kí n gbà. Ó kàn wù mí kí n jókòó síbòmíràn tí kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ mi.

Ó fìdí lé bẹ́ǹṣì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó wà nínú eré náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ló fi ń ṣàlàyé wọn. Ọmọbìnrin rere, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bo orúnkún, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ á ga, á sì wọ awò ojú. Ọmọ olówó, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á wà níta, á fi ṣéènì sọ́rùn. Ọmọ tálákà, kí n lẹ ìdí ṣòkòtò rẹ̀, kí n sì fi aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ lẹ̀ ẹ́, kí kámẹ́rà lè rí i. Nígbà tó kan ọmọbìnrin tó bàjẹ́, ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ sí àárín itan ara rẹ̀.

"Ibí ni kó mọ. Ẹ ká apá búláùsì rẹ̀ sókè, ẹ yọ bọ́tìnnì tòkè. Bó bá ti wọlé báyìí, kí ẹni tó ń wò ó ti mọ̀ pé oyún ń bọ̀."

Mo bi í pé kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Ó ní á lóyún, wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ayédèrú kan, á kú síbẹ̀, ìyá rẹ̀ á sunkún lórí òkú rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sójú fíìmù pé kí àwọn òbí máa kíyè sí ọmọ wọn.

"Ọ̀gá, ṣé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò lè gùn ni?" mo béèrè.

"Bó bá gùn, kí ni wọ́n á fi dá a mọ̀?"

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bó ṣe wí.

Ohun tí ọkùnrin yẹn ò mọ̀, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ní gbogbo òpópónà wa, ni pé èmi náà lóyún nílé ìwé. SS3 ni mo wà. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìdánwò àṣejáde ku oṣù mẹ́rin. Síkẹ́ẹ̀tì mi sì gùn. Ìyá mi ló ń rí sí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọta kan lẹ́bàá ọjà Mile 12, wọ́n sì gbà pé ibi tí etí aṣọ ọmọbìnrin bá mọ ni ọgbọ́n orí rẹ̀ mọ. Ní ọjọ́ tí ilé ìwé bá wọlé, wọ́n á kúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n á fi ìka mẹ́rin wọn àyè tó wà láàárín orúnkún mi àti etí síkẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá tó ìka mẹ́rin, wọ́n á tú u, wọ́n á rọ̀ ọ́ sílẹ̀. N kì í kun ètè. N kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ọmọkùnrin tó fún mi lóyún, tí a jọ ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́, náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Nígbà tí mo sọ fún un, ó sunkún jù mí lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn òbí rẹ̀ mú un padà sí ìlú wọn lápá Ọ̀yọ́, a ò sì rí ara wa mọ́.

N ò padà sílé ìwé. Mo bí ọmọbìnrin kan, mo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ṣangiṣa, níbi tí n kò ti ní máa ṣalábàápàdé àwọn tí a jọ kàwé. Nígbà tí mo fi máa ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ketu, ọmọ mi ti ń sáré. Àwọn ènìyàn gbà pé ọkọ mi rìnrìn àjò ni. N ò sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, n ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí mo wá tẹ́ aṣọ sílẹ̀ láti gé síkẹ́ẹ̀tì ọmọ tó bàjẹ́, ọwọ́ mi ò lọ. Mo gé e ní gígùn tí mo máa ń gé ti gbogbo ọmọ, mo wá ká èyí tó kù sínú, mo sì fi ọwọ́ rán an. Etí rẹ̀ nípọn bí ìgbànú. Mo sọ fún ara mi pé nítorí kí aṣọ má ṣòfò ni.

Ọjọ́ kejì ni òṣèré tó máa wọ̀ ọ́ wá kí n wọn òun. Mo ti ń retí ọmọdé. Obìnrin tó wọlé ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó pọn ọmọ oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ó sì ní òun ní méjì mìíràn nílé. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì mí kanlẹ̀.

"Àǹtí Télọ̀, ẹ bá mi dọ́gbọ́n sí àyà yìí," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ní mo jẹ́."

"Ṣé èyí tó wà lẹ́yìn yín yìí ṣì ń mu ọmú?"

"Ó ń mu ún bí ẹni tí wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ rí."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú kékeré ni lóòótọ́, ojú ọmọdé, àfi abẹ́ ojú tó ti dúdú. Ó rí i pé mò ń wo òun.

"Ojú yìí ló ń dá mi lóró," ó ní. "Wọn ò fún mi ní ipa ìyá rí. Ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti wà ní SS2."

Mo rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tó le fún un, èyí tí n ó máa so lẹ́yìn kí àyà rẹ̀ lè pẹlẹbẹ, mo sì ká aṣọ ìnura sí inú rẹ̀ nítorí omi ọmú.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní lókéṣọ̀n, ilé ìwé tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Òórùn tòmátò tó ti bàjẹ́ ń fẹ́ wá láti Mile 12, ó wọ inú kíláàsì, ó sì dúró síbẹ̀. Tírélà tó bá ti fọn fèrè lójú títì, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́, wọ́n rán ènìyàn lọ wá pààtì rẹ̀ ní Owódé Onírin, a sì jókòó fún wákàtí mẹ́ta láìṣe nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ọmọkùnrin ti ń pá lórí, wọ́n ní kó máa dé fìlà. Gbogbo àwọn ọmọ ilé ìwé náà ló jókòó sórí àga kéékèèké, tí wọ́n di ẹ̀yìn mú, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa owó ilé àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Omi ọmú kò tilẹ̀ gbà kí iṣẹ́ lọ. Bí ọmọ bá ti ké níta, àyà búláùsì funfun náà á rin. N ó bọ́ ọ lára rẹ̀, n ó fọ̀ ọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, n ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí á fi gbẹ, nítorí kámẹ́rà nìkan ni wọ́n ń fi iná jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fọ aṣọ kan lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun àti èmi ò nílò kí a sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ti ń bọ̀, n ó na ọwọ́ sí aṣọ, òun náà á yí ẹ̀yìn padà kí n tú okùn.

Ọjọ́ kejì ni ẹni tó ni ilé ìwé náà dé. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, Mummy ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, wọ́n wo òṣèré náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ni ìyẹn?"

"Mummy, òun ni ọmọ tó bàjẹ́ nínú eré, mà," ni dírẹ́kítọ̀ wí.

"Orúkọ ilé ìwé mi wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀."

"A ò ní jẹ́ kó hàn, mà."

"Mo rí i láti ẹnu géètì. Bí mo ṣe rí i ni àwọn òbí máa rí i." Wọn ò gbé ohùn sókè rárá. "Kí ó wọ síkẹ́ẹ̀tì tó bo orúnkún, tàbí kí ẹ kó ẹrù yín."

Dírẹ́kítọ̀ bẹ̀ wọ́n, ó ní eré ni, ó ní ọmọ náà máa kú níkẹyìn. Mummy ní kò sí ohun tó kan òun pẹ̀lú ikú rẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì lòun ń wí. Ọkùnrin náà wá yíjú sí mi. Ó bi mí bóyá mo lè wá aṣọ. Mo ní kò sí ìdí, kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan, aṣọ wà nínú etí rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, àmọ́ ó ti rẹ òun náà. Gbogbo ohun tí wọ́n ti yà lánàá ni wọ́n máa tún yà.

Mo wọ kíláàsì kan tó ṣófo lọ, mo mú abẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Òṣèré náà ró ìró mọ́ ìdí, ó jókòó tì mí, ó gbé ọmọ sẹ́nu ọmú. Ó ń wo bí aṣọ náà ṣe ń gùn sí i.

"Ẹ ò gé e," ó ní.

"N ò gé e."

"Kí ló dé?"

Ọdún méje ni mo fi pa ẹnu mi mọ́. N ò mọ ohun tó tú u lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bóyá àárẹ̀ ni. Mo ní, "Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Síkẹ́ẹ̀tì mi sì gùn ju èyí lọ."

Kò ní háà. Ó gbé ọmọ láti ọmú kan sí èkejì. "Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ màmá mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni."

"Báwo ni màmá yín ṣe mọ̀?"

Mo sọ fún un. Mo ní síkẹ́ẹ̀tì kò pa dé mọ́, mo wá ń fi píìnì mú un níbàdí, mo ń fa búláùsì bò ó. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé ní oṣù kìíní, ìyá mi kúnlẹ̀ bí ìṣe wọn láti fi ìka mẹ́rin wọ̀n mí. Bí wọ́n ṣe gbórí sókè, ìbàdí mi ni ojú wọn bọ́ sí. Wọ́n ká búláùsì kúrò. Wọ́n rí píìnì.

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n kọ́kọ́ yọ píìnì náà. Wọ́n rọra yọ ọ́, wọ́n pa á dé, kó má baà gún mi. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n wá nà mí."

Nígbà tí mo tú etí aṣọ náà tán, tí mo sì lọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́, ó sì jáde lọ bá dírẹ́kítọ̀. Mo ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Ó ń bẹ ọkùnrin náà pé kí ọmọ náà má kú, kí ó bí ọmọ rẹ̀, kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Dírẹ́kítọ̀ ní àwọn tó máa ta fíìmù náà lọ́jà kò ní gbà.

"Bí kò bá kú, ẹ̀kọ́ wo ni àwọn ọmọ máa rí kọ́?" ó ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, obìnrin náà ní kí n fún òun ní píìnì kan. Mo rò pé nǹkan já lára rẹ̀ ni, mo sì fún un. Ìran tí ìyá máa mọ̀ pé ọmọ òun lóyún ni wọ́n fẹ́ yà. Nínú ìwé eré, ńṣe ni ọmọ náà máa wólẹ̀, tí á máa ké pé òun ti dẹ́ṣẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi. Dírẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà kò wólẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan, ó rọra ká búláùsì rẹ̀ sókè, ó yí ìbàdí sí ìyá náà. Píìnì náà wà níbẹ̀. Bóyá ó ti bá òṣèré tó ń ṣe ìyá sọ ọ́, n ò mọ̀. Obìnrin tó ń ṣe ìyá náà wò ó, ó na ọwọ́, ó yọ píìnì náà, ó pa á dé. Tírélà kankan kò fọn fèrè. Dírẹ́kítọ̀ jẹ́ kí kámẹ́rà máa lọ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó ní ó tó.

Àwọn kan ń nu ojú. Èmi ò sunkún. Ó ṣe mí bí ìgbà tí ènìyàn bá dé ilé tó bá àlejò tó ń jẹun nínú abọ́ rẹ̀. Nígbà tí òṣèré náà wá bá mi kí n tú okùn ẹ̀yìn rẹ̀, kò wò mí lójú.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ó yẹ kí n béèrè."

"Ó yẹ kí ẹ béèrè."

"Bí mo bá béèrè, ṣé ẹ máa gbà?"

"Rárá."

Ó mi orí. Ó fi píìnì náà lé mi lọ́wọ́, mo sì jù ú sínú agolo tí àwọn yòókù wà. Ọjọ́ kẹrin ni ó kú, lórí tábìlì àwọn tíṣà, lábẹ́ aṣọ funfun. Èmi ni mo lọ aṣọ funfun náà. Ọmọ rẹ̀ ń ké níta ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe òkú. Bí wọ́n ṣe ní ó parí ni ó dìde lórí tábìlì, ó lọ fún un lọ́mú. A kí ara wa pé ó dàbọ̀, n ò sì rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Fíìmù náà jáde lọ́dún kejì, nígbà Àjíǹde. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, mo dé ilé ìyá mi láti wá wo ọmọ mi, mo bá a pé wọ́n ti yá a ní ṣọ́ọ̀bù onífídíò. Wọn ò mọ̀ pé mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ mi ń ṣeré lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn ọmọ alájọgbé. Èmi àti wọn jókòó, à ń wò ó. Wọ́n ń bú ọmọkùnrin olówó, wọ́n ń yin ọmọbìnrin rere. Nígbà tí ọmọ tó bàjẹ́ wọlé, wọ́n ní èyí kò jọ ọmọ tó bàjẹ́, aṣọ rẹ̀ bójú mu.

Nígbà tó kan píìnì, wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga. Mò ń gbọ́ ìró fáànù. Wọ́n na ọwọ́ sí rìmóòtù, wọ́n dá a dúró.

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Ata ti wọ ọwọ́ yẹn lára láti ọdún pípẹ́, ìka wọn pupa lẹ́bàá èékánná, kì í sì ṣí bí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

"Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rọ ìlọta bàjẹ́ lánàá rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi tún un ṣe di àárọ̀."

"N ò mọ̀, mà."

"O ò lè mọ̀. N ò sọ fún ọ."

Mo dúró bóyá wọ́n máa sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n tẹ rìmóòtù, fíìmù náà ń lọ. Kí ọmọ náà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ayédèrú, wọ́n dìde, wọ́n ní ọkọ̀ ata ń wọlé láti òkè ọya láàárọ̀ kùtù ọ̀la, àwọn fẹ́ lọ sinmi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Jẹ sí i."

Èmi nìkan ni mo wo ikú ọmọ tó bàjẹ́ náà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ sójú fíìmù níkẹyìn, ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sí ibi aṣọ. N ò bínú sí i. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo lọ bu ọbẹ̀ náà, mo sì jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mò ń wo ọmọ mi bó ṣe ń fo okùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kún fún erùpẹ̀, ó sì ń ka iye tó fò sókè, ó ń ṣì í kà, ó tún ń bẹ̀rẹ̀.